Hóró Mẹ́ta fún Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi ní ọsibítù yìí, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, torí inú rẹ̀ ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, kó gbé ọsàn tó rà wá, kó máa lọ.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkàn mi ti rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú, bí mo bá sì rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà fún mi ní dijọ́ksìn, oògùn ọkàn, hóró funfun kékeré kan lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì wá kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé kó máa ka bí iṣan ọrùn ọwọ́ mi ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó ọgọ́ta, kí n má lò ó. Ó ní bí oògùn náà bá pọ̀ jù lára, ó lè sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ ìyeyè lójú ẹni. Oògùn náà bá mi lára mu, wíwú ẹsẹ̀ mi sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó fún Fọlárìn ọmọ mi, àwa ọkùnrin ilé ọkọ sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ tí n kò lè dìde ńkọ́? Mo bá ń yọ́ hóró mẹ́ta lò lójúmọ́. Bí ìyàwó mi bá na ọwọ́ sí ọrùn ọwọ́ mi, màá jágbe mọ́ ọn.

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì kan ń léfòó lókè ilé wa, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo gun okùn náà dé òkè, kò rẹ̀ mí. Ọkàn mi ni mo bá níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń làágùn, kànga wà níwájú rẹ̀.

"Ọ̀lẹ!" ni mo fi kí i. "Ìwọ lo fẹ́ dójú tì mí lọ́dọ̀ àna?"

"Bàbá, ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo ti ń fa omi yìí," ó dá mi lóhùn. "Ẹ ò fún mi ní ìsinmi ọjọ́ kan rí."

Hóró oògùn kan wọlé, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Má kánjú. Fà á tagbáratagbára, sinmi díẹ̀, kí o tún fà á." Ọkàn mi fa garawa kan, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ó sinmi, ó tún fà. Omi tó wà nínú ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ. Ó yẹ kí n dúpẹ́, àbí? Inú ló bí mi. Kí ni wọ́n ń sinmi fún nígbà tí àna ń dúró?

"Ẹ pe méjì sí i!" ni mo pariwo.

"Bàbá, àṣejù..." ni hóró náà ń wí, ṣùgbọ́n kó tó parí òwe, mo ti pa á lẹ́nu mọ́.

Méjì yòókù wọlé, ariwo sọ. "Fà!" "Dúró!" "Ta ló ní kó fà?" Ọkàn mi fa ìdajì, ó jù ú sílẹ̀, ó fa méjì léra wọn, ó dákẹ́. Mo ké sí ọ̀gá ọ́fíìsì. Ó kọ ẹjọ́ mi sínú fáìlì, ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì náà. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò tíì buwọ́ lùwé.

"Ẹ buwọ́ lù ú kí ẹ tó gbé e mì!"

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé," ni òbúkọ wí, pépà kún ẹnu rẹ̀.

Ni ọkàn mi bá fi okùn kànga sílẹ̀. "Bàbá, ẹ wá fà á fúnra yín." Mo di okùn náà mú, kò sún rárá. Ojú ẹsẹ̀ ni tábìlì, òbúkọ àti ògiri di àwọ̀ ìyeyè. Èébì gbé mi, okùn tó so ọ́fíìsì já.

Mo jí. Ìyàwó mi dúró tì mí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ta ló kó àwọ̀ ìyeyè bá sùtánà rẹ?" ni mo jágbe.

Ó wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Bàbá Fọlárìn, funfun ni."

"Ìyeyè ni mo wí!"

Ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tẹjú mọ́ aago, ó ń kà. Ó pẹ́ kó tó ní ení. Ó tún pẹ́ kó tó ní èjì.

"Mẹ́rìndínlógójì," ó wí. "Mélòó lẹ lò?"

Mo na ìka mẹ́ta sí i, inú sì bí mi sí ìka náà, torí àwọn pàápàá ti pọ́n bí ìyeyè.