Ìṣẹ́jú Kan Ṣáájú Alága

Kí ẹ tó bá mi wí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọkọ mi. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé kò sí àwùjọ tó wọ̀ tí kì í gbàjọba níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi nílé la fi ọmọ wa kan ṣoṣo sí nígbà tá à ń bọ̀ lókè òkun. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, òun ló sì ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ tó dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ń dù. Ẹgbẹ́ ńlá kan ti lóun fẹ́ gbà á, àmọ́ bàbá ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, torí ọmọ náà ò tíì dàgbà tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìwé náà ti wà nílẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa gba ìwé náà mọ.

Ọkùnrin tó fi abẹ gé ìbọ̀wọ́ ọmọ yìí sí wẹ́wẹ́ ká tó kúrò nílé, tó ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, òun náà ló pe ọ̀rẹ́ méjì níbi iṣẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ọmọ òun lórí tẹlifíṣọ̀n nílé wa. Èmi tí mo ti ń ká aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn láti àárọ̀, tẹ́sẹ̀ mi ti wú, èmi ni mò ń gbé ọtí fún wọn.

Ọmọ náà fò, ó gbá bọ́ọ̀lù kan dànù.

"Ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn!" Alága gbáyà. "Èmi ni mo kọ́ ọ!"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó ṣe mí bíi kí n da ọtí náà lé e lórí.

Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sinmi, mo bá a ní kíṣìnnì. "Bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ìwé yẹn ńkọ́?"

"Bí bọ́ọ̀lù kan péré bá wọlé ẹ̀ lónìí, má dárúkọ ìwé yẹn létí mi mọ́ láé."

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni tẹlifíṣọ̀n wa ti ń gba eré náà. Ohun tí wọ́n bá rí nílé, ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Alága ti pa fóònù ẹ̀, ó ní káwọn àlejò náà pa tiwọn, kí ará ilé kankan má bàa bá àwọn sọ ọ́ ṣáájú. Ó gbàgbé tèmi. Kì í ṣòní ló ti ń gbàgbé mi.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òdo sí òdo, ni fóònù gbọ̀n lápò mi. Mo yọ́ wọ kíṣìnnì. Ìyá mi ni, ó ń sunkún.

"Wọ́n ti gbá a wọlé o! Ọmọ náà dojú bolẹ̀."

Mo pa á. Ní pálọ̀, Alága ṣì ń búra pé kò sí bọ́ọ̀lù tó lè kọjá lára ọmọ òun. Mo mú ìwé àti báírò, mo gbé e lé e nítan lójú àwọn àlejò.

"Alága, ẹ fọwọ́ sí i, káwọn ọ̀gá yìí lè jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ bí i."

"Ìwé kí nìyẹn?" èyí tó dàgbà nínú wọn bi mí.

"Ìwé tí bàbá ẹ̀ máa fi fà á lé ẹgbẹ́ ńlá lọ́wọ́."

"Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i, Alága? Irú ọmọ yìí?"

Ojú tì í. Ó wò mí bíi pé kó gbé mi mì, ó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbínú débi pé báírò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ìwé ya.

"Ṣé ọkàn ẹ ti balẹ̀?"

Mo ká ìwé, mo kì í bọ àyà.

Bọ́ọ̀lù wọlé. Ọmọ mi dojú bolẹ̀ nínú koríko, kò sì dìde. Mo fẹ́ sunkún, mo gbé e mì. Alága yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"O ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Mú un wá!"

"Ẹ wá yọ ọ́ láyà mi lójú àlejò."

Àwọn àlejò ń wolẹ̀. Alága tutọ́ sílẹ̀.

"Ọmọ ẹ ti dójú tì mí."

Wọ́n ní ọmọ tó dáa, ti bàbá ni. Èyí tí ò dáa, ti ìyá. Láàárín ìṣẹ́jú kan ni Alága gbé tèmi fún mi padà.

"Ẹ ṣeun," mo ní. "Ọmọ mi ni. Ìbuwọ́lùwé yín ló kù tí mò ń wá lọ́wọ́ yín, mo sì ti rí i gbà."