Kókó Lára Ìfun Màsúdát

Màsúdát ò sùn nígbà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lọ́pàá ẹ̀yìn ti mú kí ara rẹ̀ kú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ là sílẹ̀. Ó gbọ́ igbe ọmọ. Ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ní, "Obìnrin ni, alihamdulilahi!" Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ wo ibí yìí."

"Kí lẹ rí?" ló bèèrè láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ọ̀gangan àyà rẹ̀.

Dókítà Lami, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ abẹ náà, ránṣẹ́ pe dókítà àgbà kan, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, Dókítà Lami yọjú sí i, ó fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é.

"Ìyá Hidayat, ara ọmọ yín le. Ṣùgbọ́n a rí nǹkan tí a ò wá. Ìfun yín wú níbì kan, kókó sì wà lára rẹ̀."

Irú ẹ̀ náà ni wọ́n bá nínú ìyá tó bí Màsúdát. Wọ́n la ikùn ìyá náà, wọ́n wò ó, wọ́n rán ojú abẹ padà, wọ́n ní kí ẹbí máa gbé e lọ sílé. Òjò ọdún náà ò tíì dá tí wọ́n fi sin ín.

"Ẹ gé e! Ẹ gé gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín!"

"A ò lè gé ohun tí a ò tíì mọ̀. Bí a bá gé ìfun lónìí tó bá lọ jò, wàhálà ni. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò."

"Ẹ fẹ́ rán ikùn mi padà bíi ti ìyá mi nìyẹn."

Ó sunkún títí wọ́n fi parí.

Nílé wọn lẹ́yìn Táíwò Road, wọ́n sọ ọmọ náà ní Nàfísàt. Màsúdát ò gbé e. Ọmú rẹ̀ wú, ó ń ro ó, síbẹ̀ ó kọ̀. Bàṣírù ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá Hidayat, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ mí kí n tó kú," ló ní. "Èmi mọ ìyá tèmi, ẹ ò rí ohun tójú mi rí?"

Sàfúrátù, àbúrò Bàṣírù, ló wá ń fi ìgò bọ́ ọmọ. Màsúdát ń kọ́ Hidayat, àkọ́bí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ro tùwó. Ó ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Tuntun sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Nígbà tí èsì dé, ó ní òun ò lọ. Bàṣírù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwá kó tó bá a lọ sọ́sibítù.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," Dókítà Lami wí. "Ikọ́ fée ni, èyí tí wọ́n ń pè ní TB."

"Ikọ́ fée? Èmi tí n ò wúkọ́?"

"Ó máa ń bá ìfun jà náà. Oògùn oṣù mẹ́fà ni, ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan."

Màsúdát gba ìwé èsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé òun ló pa ìyá mi?"

"Mi ò mọ̀. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò mú kókó tiwọn lọ fún àyẹ̀wò."

Ó délé, ó gba Nàfísàt, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmú ti gbẹ. Ọmọ náà yíjú kúrò, ó figbe ta, ó ń wá ohùn Sàfúrátù kiri. Sàfúrátù na ọwọ́.

"Ẹ má gbà á," Màsúdát wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa ké lọ́wọ́ mi."