Omi Tó Ń Lọ sí Ilé Àlejò

Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé sí yunifásítì, tó wá sọ ohun tó fẹ́ kọ́ fún àwọn ará àdúgbò, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa ìrìn-àjò afẹ́ ni, èyí tí àlejò á gbádùn tí kò sì ní ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́ onílùú lọ́wọ́. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níkòríta fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì nu ojú, ó ní, "Ṣé wọ́n ti wá ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbafẹ́ báyìí? Èmi ti gboyè tèmi láti inú oyún o!"

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ni ilé àlejò tó kọjú sí adágún omi, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Ìyá Àlejò. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì ń rákòrò nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ilé kékeré tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ ni ìyá yìí ń fi yàrá kan kún yàrá kan, títí ó fi di ibi tí èèyàn kò lè rí àyè bí kò bá tètè fi fóònù pè. Lójú tirẹ̀, ọmọ òun lọ kọ́ iṣẹ́ ilé òun ní àkọ́yè ni.

Ní ọdún kẹta, olùkọ́ wọn pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn ìlú tí àlejò máa ń wọ́ lọ. Ó ní kí kálukú lọ wo ohun tí àlejò mú wá síbẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń mú lọ láìmọ̀. Ìlú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gan-an ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí òun bá ẹlòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n mọ̀ mí jù níbẹ̀, sà."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tó ń sùn sínú ilé ló mọ ibi tó ń jò. Máa lọ. Bó o bá rí ohun tí kò bá ọ lára mu, sọ ọ́ bó ṣe rí."

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló délé. Ilé tó kọ́kọ́ yà sí ni ti Àǹtí Télọ̀, tí ògiri kan péré pín níyà sí tiwọn. Obìnrin yìí ló rán gbogbo aṣọ ilé-ìwé tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ̀ dàgbà. Ó bá a tó ti fi aṣọ we máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, tó sì ń fi okùn di aṣọ ní ìdì ìdì.

"Àǹtí, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí mo ti lè bọ́jú láàárọ̀ láìṣe pé mo lọ tọrọ." Ó fà á lọ́wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà húkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú, ó tu itọ́ díẹ̀, ó dákẹ́. "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Aṣọ ìyàwó tó funfun bí ẹyin lékeléke wà lọ́wọ́ mi, omi tí màá fi fọwọ́ kí n tó gbé e kò sí. Ìyàwó wá gba aṣọ rẹ̀ lọ."

"Ẹ ò sọ fún màámi ni?"

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n pe àwọn oníṣẹ́ páìpù. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní páìpù mi ò ṣẹ̀, kò rò." Ó tún gbé okùn rẹ̀, ó ń di ìdì lọ. 

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rìn gbogbo òpópónà náà já. Bó ti ń ya ilé kan ló ń yọ sí òmíràn, orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Ilé àlejò ń pọ̀ sí i, ilé onílé ń gbẹ. Àwọn ìyàwó ilé ti padà sí pípọn omi adágún, níbi tí epo inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àlejò kiri ti léfòó bí òṣùmàrè.

Ọjọ́ kejì, bó ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń ronú, iná lọ. Ẹ̀ńjìnnì ńlá tó ń fa omi sínú táǹkì ìyá rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kò pẹ́ rárá tó fi gbọ́ omi tó ń dà yàà lódìkejì ògiri, tí Àǹtí Télọ̀ sì ń pariwo pé, "Omi dé o! Ẹ gbé garawa wá!" Inú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dùn. Àfi bí iná ṣe dé. Ẹ̀ńjìnnì tún bú ramúramù, omi Àǹtí Télọ̀ sì dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ wá yé Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò sí ẹni tó ń jalè. Páìpù kan náà ni gbogbo òpópónà ń mu, ẹni tó ní ẹ̀ńjìnnì ló kàn ń fà á tan.

Yàrá òkè ló ti bá ìyá rẹ̀ tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó di etí kejì aṣọ mú, wọ́n jọ ń ká a, ó sì sọ gbogbo ohun tó gbọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ títí, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Ẹ̀ńjìnnì tó ò ń bú yẹn ló gbé ẹ dé yunifásítì."

"Mo mọ̀, Mà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ẹgbẹ́ onílé àlejò ti ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lọ́la. Mi ò lè dárúkọ ilé ẹlòmíràn kí n wá fi tiwa pamọ́ sábẹ́ ẹní."

Ìyá Àlejò tún fa etí aṣọ tirẹ̀ le. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kù nílẹ̀, ìbínú kò sì ní kí wọ́n má ká a. Wọ́n ká a tán, ìyá gbé e lé àyà, ó jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣàkíyèsí pé ilé dákẹ́ jù. Ẹ̀ńjìnnì kò ké. Ó sáré jáde, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé Àǹtí Télọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, omi ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Télọ̀ dúró tì í, ó káwọ́ lérí.

"Kí ló dé tó ò jágbe mọ́ mi?" ni Ìyá Àlejò bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo mọ̀ ọ́n sọ."

"Má bínú, àbúrò mi." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Ó yẹ kí n ti wá wò ó fúnra mi."

Ní ìpàdé ọ̀sán, àwọn onílé àlejò jókòó kún gbọ̀ngàn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde níwájú wọn. Ó sọ ti páìpù, ó sọ ti àwọn tó ń kó lọ, ó sì sọ ti ilé ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alájà-Mẹ́ta nítorí gíga ilé rẹ̀ fò dìde.

"Àwa la gbé ìlú yìí dúró! Ṣé ká sọ fún àlejò pé kó má wẹ̀ ni? Ìyá rẹ gan-an ńkọ́, ṣé ó gbọ́ ìsọkúsọ tó ò ń sọ?"

Gbogbo ojú yí sí ìyá rẹ̀. Ìyá Àlejò dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Mo gbọ́. Ilé mi ló kọ́kọ́ dárúkọ, tàbí ẹ ti dití ni? Láàárọ̀ òní mo pa ẹ̀ńjìnnì mi, mo sì rí i pé ó sòótọ́. Mi ò ní tàn án mọ́ títí àdúgbò á fi pọnmi tán láràárọ̀. Bí òjò bá dé, màá fi táǹkì gba omi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ òrùlé mi. Ẹ jẹ́ n bi yín: bí télọ̀ bá kó lọ, tí onílé kó lọ, kí ni àlejò fẹ́ wá wò níbí? Ògiri yín?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rín in. Àríyànjiyàn pọ̀ o, wọ́n fa ọ̀rọ̀ títí ọ̀fun gbẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn gbà láti máa pa ẹ̀ńjìnnì láràárọ̀. Alájà-Mẹ́ta bínú jáde, títí dòní ló sì ń kùn.

Àwọn àlejò tí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á sá kò sá. Bàbá arúgbó kan tó fi garawa wẹ̀ ní ilé Ìyá Àlejò ní ṣe ló rán òun létí ìgbà èwe òun, ó sì ń kọrin jáde ní balùwẹ̀. Àǹtí Télọ̀ tú ìdì rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa ń rà láti ọ̀nà jíjìn, Télọ̀ ló ń rán an báyìí, òun náà sì fi bẹ́ẹ̀dì kan sí yàrá tó ṣófo nílé rẹ̀, bóyá àlejò kan á yà síbẹ̀.

Olùkọ́ yin iṣẹ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ní àmọ́ kó padà lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, nítorí ìgbà tí ọ̀dá bá dé la ó mọ̀ bóyá àdéhùn ṣì dúró. Ó padà lóòótọ́, ó sì mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dání. Omi inú ẹ̀rọ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó ń dà. Wọn kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Ìyá Àlejò fi fa ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí Àǹtí Télọ̀ sì fa ti èkejì.

"Àlejò mi ni wọ́n!" ni Ìyá Àlejò wí.

"Àlejò tèmi náà ni," ni Télọ̀ dáhùn. "Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀."