Ìkọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá ra kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ bàbá mi láyé ìgbà kan, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ìkọ́ kékeré kan tí èèyàn lè fi ti ilẹ̀kùn láti inú. Aṣọ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, èmi náà mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ gbé tirẹ̀ padà wá, ó ní ta ni yóò máa jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá mi ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ yín."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi lọ́dún tí àwọn apààyàn ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti pa ìran wa run. Ọjọ́ méjì ni bàbá mi fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa ilẹ̀kùn mọ́ra, nítorí kò ní ìkọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọn ò bá ẹnì kankan láàyè nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́ fún mi, níbi iṣẹ́, pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n ní kí n gbé sáńpépà wá.

Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, mo fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ yìí máa parí sí. Èmi ni mo ti di káfíńtà ilé wa nígbà náà. Mo yọ ìkọ́ kúrò nínú iṣẹ́ wa. Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n má sọ nǹkan kan fún ọmọ náà, wọn ò sì sọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń yin ara mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ rẹ̀ pè mí. Ó ní ọmọ mi ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ní kíláàsì, ó ń wọ̀n wọ́n, àfi bó ṣe bú sẹ́kún, kò sì dákẹ́ mọ́. Bàbá mi tẹ̀ lé mi lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ lù wò.

"Iṣẹ́ ta nìyí?"

Olùkọ́ ní òun ò mọ̀.

"Kí ẹni náà má jẹ́wọ́ o."

Mo bi ọmọ mi léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún.

"Ẹni mẹ́ta ni kọ́bọ́ọ̀dù yìí gbà, Mọ́mì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sì jẹ́ mẹ́rin. Mi ò mọ ẹni tí màá fi síta."

"Síta fún kí ni?"

"Tí wọ́n bá dé."

"Àwọn wo?"

Ó ní òun ò mọ̀. Mo yíjú sí bàbá mi bí ẹni tó ká olè mọ́lé. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ta ló wá kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Gbogbo ilé tí a bá lọ, ẹ máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Ẹ á wo inú ẹ̀, ẹ á wá wò mí, ẹ á tún wo inú ẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn káfíńtà tó ṣe é ni mo ń yẹ̀ wò. Ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi nìyẹn. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ojú tì mí.

Bàbá mi jókòó sórí àga ọmọdé kan, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ẹnì kan ni tèmi gbà," wọ́n sọ fún ọmọ náà. "Èmi àti àbúrò mi la jọ sáré débẹ̀. Mo wọlé, mo fa ilẹ̀kùn."

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti jẹ́ ọmọ wọn. N kò gbọ́ rí pé wọ́n ní àbúrò.

Ọmọ mi nu imú. "Ṣé ó tóbi ni?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni."

"Ẹ ò lè gbé e lé itan?"

Bàbá mi wo inú kọ́bọ́ọ̀dù náà títí.

"Mi ò ronú kàn án," ni wọ́n wí. Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n mú téèpù ìwọ̀n wá.

Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun ti wà ní kíláàsì wọn báyìí, ọ̀fẹ́ la ṣe é. Olùkọ́ dúpẹ́, ó ní ìwé àwọn ò lè kún un láé. Kọ́bọ́ọ̀dù náà gba gbogbo ọmọ kíláàsì, àti àbúrò kọ̀ọ̀kan lórí itan wọn. Bàbá mi ló wọ̀n ọ́n. Ìkọ́ inú rẹ̀, èmi ni mo kàn án mọ́ ọn.