Ẹjọ́ tí Àkàndé Mú Kúrò ní Kóòtù

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, ọdún 2023, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, Alàgbà Ọláníran rán ọkùnrin mẹ́ta wá sí Dìlímì, àdúgbò kan ní ìhà àríwá, wọ́n sì ṣí páànù orí yàrá méjì tí Àkàndé háyà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò kò dá láti àárọ̀. Nígbà tí Àkàndé fi máa ti ibi tó ti ń la pákó ní Katako dé, Pẹ̀lúmi ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró láàárín yàrá, ó fi ọ̀rá wé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Alàgbà kò fún wọn ní ìwé kankan pé kí wọ́n kó jáde. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà ni.

Pẹ̀lúmi ló fa bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Andrew, lọ́yà tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Hausa ni Andrew fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òfin wà, pé onílé kò láṣẹ láti ṣí òrùlé mọ́ ayálégbé lórí láìjẹ́ pé kóòtù sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ayálégbé àdúgbò náà tó ṣẹjọ́ dé òpin. Bí àwọn bá gba ìdájọ́ kan ṣoṣo, àwọn yòókù á rí nǹkan dì mú.

Àkàndé buwọ́ lùwé ìpẹ̀jọ́, adájọ́ sì pàṣẹ pé kí Alàgbà kan páànù padà, kó má sì fọwọ́ kan ilé náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ó kàn án padà. Wọ́n fi ìdájọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ránṣẹ́ pe Àkàndé. Alàgbà Ọláníran ni igbákejì alága. Ẹgbẹ́ yìí náà ló ra pósí nígbà tí ìyàwó Àkàndé kú.

"Àkàndé," Bàbá Akínwọlé tí í ṣe alága bẹ̀rẹ̀, "o wá lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́jọ́. Ṣé àwa ò lẹ́nu mọ́ ni? Ṣé o ò mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Òjò ló lé mi débẹ̀."

"Òjò náà ló bá ọ buwọ́ lùwé ìpẹ̀jọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alàgbà dìde, ó fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí pé bí Àkàndé bá mú ẹjọ́ kúrò, òun ò ní ta ilé náà mọ́, pé Àkàndé á wà níbẹ̀ títí Pẹ̀lúmi á fi relé ọkọ. Àkàndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Pẹ̀lúmi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè pa á mọ́ra. "Haba, Baba! Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ní ń gbàwé lọ́wọ́ àwọn tó bá ni sin òkú?" Àkàndé jágbe mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ajé tí ìdájọ́ yẹ kó wáyé, Àkàndé dúró níwájú adájọ́, ó ní òun ò ṣẹjọ́ mọ́. Andrew kó fáìlì rẹ̀ jọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó sọ fún un pé àṣẹ tó ń dáàbò bò ó ti bá ẹjọ́ lọ.

"To, na gode," Àkàndé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá, ẹni tó ra ilé náà gbé katapílà wá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ògiri ti wó tán. Àkàndé sáré lọ bẹ Bàbá Akínwọlé pé kó wá jẹ́rìí ní kóòtù sí ìlérí tí gbogbo wọn jọ gbọ́.

"Kí n dúró níwájú adájọ́, kí n máa ta ko igbákejì mi?" Bàbá mi orí. "Mú sùúrù, Àkàndé. Ilé tí wọ́n ti tà ni. A ò ní gbàgbé rẹ nínú ẹgbẹ́."

Andrew béèrè bóyá ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé náà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́.

Pẹ̀lúmi kó lọ sọ́dọ̀ Kúbúrá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń sùn sórí pákó ní Katako. Àkàndé pàdánù yàrá méjì tó gbé fún ọdún mọ́kàndínlógún, àwọn ayálégbé Dìlímì sì pàdánù ìdájọ́ tí wọn ì bá dì mú.