Orin Tó Ń Wá Ẹ̀gẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìjù-Odò fún yín. Ẹ̀rín ló ń pa mí báyìí tí mo bá rántí, àmọ́ nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá ìyá mi, Màmá Salome, ló ni ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ olórin ni. Obìnrin àdúgbò ni gbogbo wọn, àwọn tó ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Abẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ti máa ń jókòó ṣe pupuru. Ẹ ṣáà mọ pupuru: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ títí tó fi rọ̀, tí wọ́n fún omi ara ẹ̀ dànù, tí wọ́n ṣù roboto, tí wọ́n wá yan lórí iná. Bí wọ́n bá ti ń ṣù ú ni wọ́n ń kọrin. Àwọn orin yẹn ò sí ní rédíò kankan o! Orin ọkọ, orin òjò, orin ẹni tó jí ẹja jẹ.

Ìjì wá jà lọ́dún tó kọjá, ó ṣí gbogbo páànù àtíbàbà lọ. Látìgbà yẹn, kálukú ń ṣe pupuru ẹ̀ nílé ara ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa wá dákẹ́ rọ́rọ́. Màmá nìkan á jókòó, á máa ṣù ú, kò ní í dún pinpin.

Mo ní, "Màmá, ẹ ò kọrin mọ́ ni?"

Ó ní, "Ta ló máa gbè é fún mi, Tẹjú? Ewúrẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àfi bí mo ṣe rí i lórí fóònù pé àjọ kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń ran àwọn ẹgbẹ́ eléré kéékèèké lọ́wọ́. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní ẹnì kan máa wá wò wá. Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ yẹn, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé Òkìtìpupa.

Ẹ̀gbọ́n mi, Brọ̀dá Láyí, tó ń ṣe tíṣà, ló wá bá wa ṣètò. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Eré làwọn èèyàn yìí ń náwó lé, wọn kì í náwó lé oúnjẹ. Tí wọ́n bá fi lè rí ẹ̀gẹ́ níbí, wọ́n á ní kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀."

Gbogbo wa gbà. Ọ̀rọ̀ tíṣà ni! Nígbà tọ́jọ́ pé, a gbálẹ̀, a pa iná, a kó àpò ẹ̀gẹ́ lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, a sì fi ẹní bò ó.

Ọ̀kadà ló gbé àlejò wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí, dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn obìnrin tò síwájú ẹ̀, kálukú nínú aṣọ tó dáa jù nínú àpótí ẹ̀. Ìyá Mumeenat ló máa ń dá orin. Ó la ẹnu:

"Ọkọ mi lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀..."

Ló bá há. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún há. Màmá gbà á lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ohùn ẹ̀ ti ga jù. Àwọn tó ń gbè é, èyí ń lọ sọ́tùn-ún, tọ̀hún ń lọ sósì. Gbogbo wọn kàn dúró gbagidi, ọwọ́ wọn rọ̀ jọwọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà.

"Kò burú, ẹ fara balẹ̀," àlejò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú Màmá ti ń pọ́n. Mo mọ ohun tó ń rò: pé báyìí ni ẹgbẹ́ òun ṣe parí.

Àfi igbe Mumeenat látẹ̀yìnkùlé: "Ìyá mi o! Ewúrẹ́ ti fa àpò ẹ̀gẹ́ ya!"

Háà! Gbogbo wọn sáré, tàwọn ti aṣọ àtàtà. Brọ̀dá Láyí fọwọ́ bojú. Màmá ní, "Àlejò wa, ẹ má bínú. Tá ò bá ṣu ẹ̀gẹ́ yìí báyìí, ó bà jẹ́ nìyẹn."

Wọ́n gbé e wá síbi tí àtíbàbà wà tẹ́lẹ̀, nínú oòrùn, wọ́n jókòó, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n kiwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọrin o. Mo kàn gbọ́ ohùn Ìyá Mumeenat ni:

"Ọkọ mi lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀, ó lóun ò ní í pẹ́ dé..."

Wọ́n gbè é gbùà: "Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ìrù ẹja ni mo rí!"

Ara mi bù máṣọ. Ọwọ́ ń lọ, orin ń lọ. Ìyá Mumeenat tún wo ẹsẹ̀ àlejò, ó sọ ọ́ dorin:

"Àlejò wa láti Àkúrẹ́, bàtà ẹ̀ ń dán yinrin..."

"Ẹ ní kó bọ́ ọ, kó wá ṣẹ̀gẹ́!"

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà lóòótọ́! Ó jókòó, ó ṣu ọ̀kan. Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ àga àtijọ́.

Màmá ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ewúrẹ́ á jẹ ìyẹn."

Àlejò wa rẹ́rìn-ín títí. Ó wá béèrè pé, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé iṣẹ́ yìí pa mọ́ fún mi?"

"Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ rí ẹ̀gẹ́."

"Mi ò lè ṣèlérí o, Màmá. Àmọ́ mo máa sọ fún wọn pé ibí yìí gan-an ni ẹ ti ń ṣeré, àti pé kò lórùlé."

Nígbà tó lọ, kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀gẹ́ ẹ̀ lọ sílé mọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n so tápólì mọ́ òpó, wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀.

Abẹ́ tápólì yẹn ni wọ́n wà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi láti Àkúrẹ́. Mo sáré dé ibẹ̀: "Wọ́n ti gbà! Wọ́n máa kan páànù fún wa!"

Ìyá Mumeenat kàn fojú sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Orin ń lọ lọ́wọ́, orin yẹn kì í sì í parí bí ẹ̀gẹ́ ò bá tíì tán. Mo dúró, mo dúró, mo bá fi fóònù sílẹ̀, mo ká apá aṣọ mi sókè.

Màmá ti ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Gbè é."