Ọwọ́ Lórí Ọwọ́

Ọkọ mi, Wòlíì Jẹ́jẹ́lọlá, kì í lè jókòó. Ní ọdún kejì òmìnira, ó ta òróró sí Olúsọjí, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, lórí, ó ní kó máa bójú tó ìjọ wa tó wà ní Igbódìgò. Mo dúpẹ́. Mo rò pé yóò sinmi nílé ní Igbótako wàyí.

Ìsinmi kẹ̀! Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, kò tíì jẹun tó fi gun kẹ̀kẹ́.

"Bàbá, ṣebí Olúsọjí wà níbẹ̀?"

"Mo kàn fẹ́ yọjú ni."

Ó yọjú lóòótọ́. Olúsọjí ti gbé ọwọ́ lé aláìsàn kan lórí. Ọkọ mi gbé tirẹ̀ lé ọwọ́ Olúsọjí, ó tún àdúrà náà gbà látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí kò fi sẹ́ni tó ń gbé igo omi rẹ̀ síwájú Olúsọjí mọ́.

Nígbà tó yá, òjò pa á lójú ọ̀nà, ibà sì gbé e dè. Mo ránṣẹ́ sí Igbódìgò pé kí wọ́n wá gbàdúrà fún un. Olúsọjí àti àwọn àgbà ìjọ dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò.

"Ẹ gbàdúrà o!" Mo pariwo.

Ìyá Eunice, àgbà inú wọn, ló dá mi lóhùn.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Ara Bàbá ń bọ̀ wá yá. Tí wọ́n bá ti dìde, Bàbá fúnra wọn ni yóò gba àdúrà náà."

Lórí ẹní níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń gbọ̀n, ọkọ mi ti ń wá sùtánà rẹ̀.